Kẹ̀kẹ́ gun mọ́tò kí èèyàn tó gun kẹ̀kẹ́: kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ní Houston?

Ẹ lọ dúró ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ọgbà Arthur Storey láàárọ̀ Sátidé, nítòsí òpópónà Beltway 8, ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston. Kí oòrùn tó mú ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ máa rí ọkọ̀ jíìpù tó pọn kẹ̀kẹ́ méjì sẹ́yìn bí ìyá ìbejì. Bàbá kan á sọ̀ kalẹ̀, á tú okùn, á gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ sílẹ̀, á gbé tirẹ̀ náà sílẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ táyà wò bóyá afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣì pé, á de àṣíborí mọ́ ọmọ lágbọ̀n. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó bọ́ sórí ọ̀nà oníkọnkéré tó gba etí odò Brays Bayou, wọ́n á sì máa lọ, ọmọ níwájú, bàbá lẹ́yìn, láìsí mọ́tò kankan tó máa fọn fèrè mọ́ wọn.

Púpọ̀ nínú àwọn tí mo máa ń bá pàdé níbẹ̀ kì í ṣe ará ọ̀nà jíjìn. Alief ni wọ́n ń gbé, tàbí Sharpstown, tàbí ẹ̀gbẹ́ títì Bissonnet níbi tí àwa ọmọ Nàìjíríà ti ń ra èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ. Láti ilé wọn sí ọgbà yìí, kẹ̀kẹ́ kò ní lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Síbẹ̀ mọ́tò ni wọ́n fi gbé kẹ̀kẹ́ wá. Kẹ̀kẹ́ ní láti gun mọ́tò kí èèyàn tó gun kẹ̀kẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni awuyewuye tó ń lọ nílùú yìí láti 2024 wà. Houston ti ná owó gọbọi láti ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sí etí àwọn odò rẹ̀, iṣẹ́ náà sì dára, ẹni tó bá ní kò dára kò tíì débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó yẹ kó gbé èèyàn láti ẹnu ilé rẹ̀ dé etí odò ni kò pọ̀, ìwọ̀nba tó sì wà, ìjọba ìlú ti ń hú lára rẹ̀ kúrò. Mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ láti ìdí rẹ̀, torí púpọ̀ nínú wa ló ń gbọ́ ariwo rẹ̀ láìmọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ tí mò ń sọ ni kẹ̀kẹ́ ológeere o, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Bayou, tí ẹnu wa ń pè ní báyù, sì ni orúkọ tí wọ́n fún àwọn odò tó ń wọ́ kọjá láàárín ìlú yìí. Wọn kì í sáré. Omi wọn rí bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú débi pé nígbà mìíràn, àfi kéèyàn ju ewé sínú omi kó tó mọ apá ibi tó ń ṣàn sí. Àmọ́ bí òjò ńlá bá rọ̀, odò tó ń sùn yìí á jí, á kún bo bèbè, á sì wọlé bá èèyàn.

Odò ló bí ìlú

Ibi tí Buffalo Bayou àti White Oak Bayou ti pàdé ni àwọn ọmọ ìyá méjì, Augustus àti John Allen, tẹ Houston dó sí ní 1836. Lónìí, èèyàn tó ń gbé inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì, òun ni ìlú kẹrin tí èrò pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ ju 600 máìlì níbùú lóròó lọ. Ìlú tí wọ́n kọ́ fún mọ́tò ni. Ẹni tí kò ní mọ́tò níbẹ̀ dà bí ẹni tí kò ní bàtà lójú oòrùn ọ̀sán.

Kò ní láti rí bẹ́ẹ̀. Ní 1913, Arthur Comey, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ètò ìlú, gbé àbá kan kalẹ̀ fún Houston pé kí wọ́n fi etí àwọn odò náà ṣe ọgbà gígùn tó máa so àdúgbò kan mọ́ èkejì. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì gbé e tì. Ohun tó wá gba ọkàn ìlú lẹ́yìn ìyẹn ni ìkún omi. Lẹ́yìn ti 1929 àti ti 1935, ìjọba àpapọ̀ mọ ìdídò Addicks àti Barker sí apá ìwọ̀-oòrùn ní àwọn ọdún 1940. Nígbà tó yá, wọ́n kọjú sí odò fúnra rẹ̀: wọ́n na White Oak àti Brays gbọọrọ bí okùn, wọ́n gé igi etí wọn, wọ́n da kọnkéré sínú wọn kí omi lè tètè sá jáde. Ẹni tó bá wo Brays láti orí afárá lónìí ṣì máa rí i: ó jọ gọ́tà ńlá ju odò lọ ní ọ̀pọ̀ ibi.

Buffalo Bayou ló kù tí wọ́n fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ní àwọn ọdún 1960, obìnrin kan tó ń jẹ́ Terry Hershey gbọ́ pé iṣẹ́ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ń gé igi. Ó yarí. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ fẹ́ràn odò náà para pọ̀, wọ́n tọ aṣojú wọn lọ ní ilé aṣòfin àpapọ̀, George H. W. Bush, ẹni tó padà di Ààrẹ Amẹ́ríkà. Bush bá wọn dá sí i, ó ní kí wọ́n má ṣe tú owó iṣẹ́ náà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ agbègbè tirẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ná an sí. Ìgbà mélòó lẹ rí olóṣèlú tó ní kí wọ́n má kó owó wá sí agbègbè òun? Odò náà bọ́. Igi rẹ̀ ṣì wà lónìí, bẹ́ẹ̀ ni ọgbà gígùn kan wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú tó ń jẹ́ orúkọ Hershey, níbi tí àwọn tó fẹ́ràn kí kẹ̀kẹ́ máa fò lórí gbòǹgbò àti òkìtì ti ń ṣeré láàárín igi. Bí obìnrin yẹn bá panu mọ́, gọ́tà ni ì bá wà níbẹ̀.

Owó 2012

Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí a ń gùn báyìí kò ṣẹ̀yìn ìbò kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, àwọn olùdìbò Houston fọwọ́ sí i kí ìlú yá mílíọ̀nù 166 dọ́là fún ọgbà ìgbafẹ́, mílíọ̀nù 100 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ọ̀nà etí odò nìkan. Àjọ tó ń jẹ́ Houston Parks Board gbà láti wá mílíọ̀nù 120 mìíràn kún un lọ́wọ́ àwọn ọlọ́rẹ, nígbà tó sì di 2013, Kinder Foundation nìkan fi mílíọ̀nù 50 sílẹ̀. Bayou Greenways 2020 ni wọ́n sọ iṣẹ́ náà. Èròńgbà wọn ni pé kí máìlì 150 ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ wà létí àwọn odò ńlá ìlú, kí èèyàn mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ má sì jìnnà sí ọ̀kan nínú wọn ju máìlì kan àti ààbọ̀ lọ.

Ìdí tí wọ́n fi lè rí ilẹ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ nínú ìlú ńlá kò le. Etí odò kì í ṣe ibi tí èèyàn lè kọ́lé sí, omi á gbé e. Àjọ tó ń mójú tó ìkún omi ní ìpínlẹ̀ ìbílẹ̀ Harris, tí Houston wà nínú rẹ̀, ti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ náà lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, koríko lásán ló wà lórí rẹ̀, wọ́n ń gé e, ó ń hù. Nítorí náà, wọn kò wó ilé ẹnikẹ́ni kí ọ̀nà tó dé ọ̀pọ̀ ibi. Ọgbà Arthur Storey tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, adágún tí wọ́n gbẹ́ láti gba omi òjò dúró ló wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀, ó di ibi ìgbafẹ́. Ohun kan ṣoṣo ń ṣe iṣẹ́ méjì, ọgbọ́n ìlú gidi sì nìyẹn.

Apá tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni Buffalo Bayou Park, 160 éékà, tí wọ́n parí ní 2015 pẹ̀lú mílíọ̀nù 58 dọ́là. Ẹ gùn ún ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ẹ bá dé abẹ́ afárá Waugh Drive, ẹ dúró. Àárín kọnkéré afárá yẹn ni àdán ń gbé, nǹkan bí 250,000 ni wọ́n kà kí ìjì Harvey tó pa púpọ̀ nínú wọn ní 2017. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ òórùn wọn, lẹ́yìn náà ohùn wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á tú jáde bí èéfín tó ń ti inú ààrò bọ̀. Mo ti rí ọmọdé tó sọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ tó ń ké tayọ̀tayọ̀.

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ ọ̀nà rélùwéè tẹ́lẹ̀. Ní àdúgbò Heights, ibi tí ọkọ̀ ojú irin Missouri, Kansas àti Texas ń gbà kọjá ni ọ̀nà MKT wà báyìí. Ṣùgbọ́n èyí tó ń wọ̀ mí lọ́kàn jù ni Columbia Tap, tó gba inú Third Ward, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, tó sì gba ẹ̀gbẹ́ yunifásítì Texas Southern kọjá. Ọ̀nà náà kò gùn, nǹkan bíi máìlì mẹ́rin ni. Ní àwọn ọdún 1850 ni wọ́n la irin rẹ̀, láti máa fi kó ṣúgà àti òwú láti oko Brazoria wá sí Houston, débi tí àwọn ará ìgbà yẹn fi ń pè é ní ọ̀nà ṣúgà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbin ìrèké yẹn, àwọn náà ni àwọn olóko kó wá láti ṣe ojú irin. Kò jìnnà síbẹ̀ ni Emancipation Park, ilẹ̀ éékà mẹ́wàá tí àwọn tó ti gba òmìnira dáwó rà ní 1872 kí wọ́n lè ní ibi tí wọ́n á ti máa ṣàjọyọ̀ ọjọ́ òmìnira wọn. Mo máa ń gun Columbia Tap jẹ́jẹ́. Kì í ṣe ọ̀nà tí mo lè sáré lórí rẹ̀ láìronú àwọn tí wọ́n fi ẹ̀yìn wọn tẹ́ ẹ.

Kí n má fi òótọ́ kan pamọ́: ọ̀nà etí odò ní ìyà tirẹ̀. Nígbà tí Harvey dé ní oṣù kẹjọ 2017, tí wọ́n tún tú omi Addicks àti Barker sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni omi fi dúró lórí ọ̀nà Buffalo Bayou. Nígbà tó lọ, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ló fi sílẹ̀, ó ga ju orúnkún lọ láwọn ibì kan. Kò di ìgbà tí ìjì bá jà pàápàá. Òjò alẹ́ kan ti tó. Gbogbo ibi tí ọ̀nà ti sọ̀ kalẹ̀ gba abẹ́ afárá ló máa ń rì, ẹrẹ̀ tó bá sì kù níbẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì lójijì lórí rẹ̀ á bá ara rẹ̀ nílẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ ti kẹ̀kẹ́ kọjá.

Máìlì kan àti ààbọ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìṣirò tí mo sọ lókè, pé èèyàn mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ kò ní jìnnà sí odò ju máìlì kan àti ààbọ̀ lọ. Lórí àwòrán ilẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í rìn lórí àwòrán ilẹ̀. Títì tó ní ipa mọ́tò mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ló wà láàárín, pẹ̀lú àwọn tó ń yà láìfi iná hàn, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó dédé parí sínú koríko, àti ẹnu ọ̀nà ilé epo mẹ́rin lórí gígùn kan ṣoṣo.

Mo dán an wò lọ́jọ́ kan, láti ẹ̀gbẹ́ Bissonnet lọ sí Arthur Storey. Mo gba orí pèpéle ẹlẹ́sẹ̀ torí mi ò lè dá orí títì náà gùn. Òpó iná kan wà ní àárín gbùngbùn pèpéle yẹn gan-an. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé kẹ̀kẹ́ yí i ká. Nígbà tí mo dé ìkòríta, mo tẹ bọ́tìnnì, mo dúró, àwòrán ẹni tó ń rìn yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá, kí n tó dé ìdajì ó ti ń ka mẹ́rin, mẹ́ta, méjì. Mo dàgbà, ẹsẹ̀ mi le. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ńkọ́? Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti bá ẹnikẹ́ni tó gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn jíìpù wí mọ́.

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń mú kí ó ṣòro. Láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni púpọ̀ nínú odò Houston ń ṣàn. Ìyẹn ni pé ọ̀nà etí odò wọ́n jọ ń lọ lọ́gbọọgba bí ìlà inú ìwé àkọsílẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí Brays kò rí ọ̀nà tó máa gbà dé White Oak tó wà lókè. Ohun tó lè dí àlàfo yẹn ni ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àwọn òpó iná mànàmáná ńláńlá, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ń ti àríwá lọ sí gúúsù. Ní 2013, ilé aṣòfin Texas ṣe òfin tó dín ẹ̀bi kù lórí iléeṣẹ́ iná bí nǹkan bá ṣe ẹni tó ń rìn tàbí tó ń gun kẹ̀kẹ́ lábẹ́ wáyà rẹ̀ ní Houston, nígbà náà ni iléeṣẹ́ tó ni òpó náà tó gbà kí ìlú la ọ̀nà síbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ ń lọ. Èyí tó kù, orí títì ni wọ́n ti ní láti rí i.

Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ ìlú fi fọwọ́ sí ètò kẹ̀kẹ́ ní 2017, lábẹ́ olóògbé Sylvester Turner tó jẹ́ Méyọ̀ nígbà náà. Ètò náà lá àlá nǹkan bí 1,800 máìlì ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lápapọ̀, ti etí odò, ti abẹ́ wáyà àti ti ojú títì. Turner tún fi ọwọ́ sí i pé kí ikú ojú títì dópin nílùú náà nígbà tó bá fi máa di 2030. Láàárín àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sí Austin Street ní 2020, tí wọ́n fi òkúta kọnkéré kéékèèké ya kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára mọ́tò, láti àárín ìlú wá sí ìhà Hermann Park. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ sí 11th Street ní Heights, tí wọ́n dín ipa mọ́tò kù kí ti kẹ̀kẹ́ lè wọlé. Èyí tó dun àwọn kan ni ti 11th Street yẹn.

Nígbà tí John Whitmire di Méyọ̀ ní oṣù kìíní 2024, atẹ́gùn yí padà. Oṣù yẹn náà ni wọ́n hú pèpéle kọnkéré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe sí àárín Houston Avenue ní 2023, tó wà fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ sọdá. Wọ́n dá iṣẹ́ àtúnṣe títì Montrose Boulevard dúró kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Lọ́dún 2024 kan náà ni ètò kẹ̀kẹ́ àyálò BCycle, tó ti wà láti 2012, kógbá sílé. Nígbà tó di 2025, wọ́n dé Austin Street. Àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ jáde lọ ṣe ìwọ́de, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti dé, wọ́n hú òkúta náà kúrò. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni àwòrán kẹ̀kẹ́ àti ọfà tí wọ́n fi ọ̀dà funfun yà sójú ibi tí mọ́tò ń gbà.

Kí ni ìjọba ìlú ń sọ? Ó yẹ ká gbọ́ tiwọn. Méyọ̀ ní àwọn ará àdúgbò ń fẹjọ́ sun, pé títì ti há jù, pé ọkọ̀ panápaná àti ọkọ̀ akólẹ̀ kì í rí ọ̀nà kọjá bó ṣe yẹ, pé iye ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó ń gba ibẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ẹni tó ń gbé Austin Street, tí kò rí ibi gbé ọkọ̀ sí mọ́ níwájú ilé rẹ̀, kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Ìlú tó tóbi báyìí, tí ojú títì rẹ̀ kún fún kòtò, tí omi ń yalé lọ́dọọdún, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tó yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ sí.

Ṣùgbọ́n mi ò lè gba ọ̀rọ̀ pé àwọn tó ń lò ó kò pọ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe lè ka iye ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ sọdá odò láti fi mọ̀ bóyá wọ́n nílò afárá. Ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó bá gùn máìlì kan, tó sì já sí títì tí mọ́tò ń sáré lórí rẹ̀, kò lè rí èrò. Ìgbà tó bá so ilé mọ́ odò ni wọ́n á wá. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní ọ̀nà White Oak àti MKT ní Heights: níbi tí wọ́n ti so pọ̀ mọ́ àdúgbò, aago kẹ̀kẹ́ lẹ ó máa lù ṣáá fún ìyá arúgbó, ọmọ tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó mú ajá rìn, nítorí èrò ti pọ̀ jù.

Ọ̀dà kì í sì í dá mọ́tò dúró. Láti 2013 ni òfin ìlú ti sọ pé mọ́tò tó bá fẹ́ kọjá lára ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sílẹ̀ láàárín, ọkọ̀ akẹ́rù sì gbọ́dọ̀ fi mẹ́fà sílẹ̀. Òfin tó dára ni. Àmọ́ ẹ wo ẹ̀bá títì Houston dáadáa bẹ́ ẹ bá ń kọjá lọ: ẹ máa rí kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n kùn ní funfun láti orí dé táyà, tí wọ́n fi ṣéènì so mọ́ òpó, pẹ̀lú òdòdó tó ti gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí mọ́tò ti pa ẹnì kan lórí kẹ̀kẹ́ nìyẹn. Mo mọ ojú àwọn mélòó kan nínú wọn báyìí. Èyí tó wà lọ́nà ibi iṣẹ́ mi, ẹnì kan ṣì ń pààrọ̀ òdòdó rẹ̀.

Àwa ńkọ́?

Àwọn kan nínú wa á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó tó rí ayé jẹ nìyí. Mo gbọ́ ọ ní ilé ìjọsìn, mo gbọ́ ọ ní òde àríyá. Àgbà ọkùnrin lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á ní ṣé nǹkan ti dẹnu kọlẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àjèjì sí wa. Nílé, àwọn àgbẹ̀ tó rí owó kòkó fi ra Raleigh, wọ́n ń nù ún bí awo tánńganran. Tíṣà gun ún lọ síléèwé, akọ̀wé gun ún, ẹni tó ń pín lẹ́tà gun ún, ìyàwó jókòó sẹ́yìn lọ sí ọjà. Ọlá ni nígbà yẹn. Ìgbà tí mọ́tò dé ló di ti aláìní.

Tẹ́ ẹ bá sì wo ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ní Bissonnet láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kì í ṣe òyìnbó tó wọ aṣọ fífúnmọ́ra. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ilé oúnjẹ ni, tàbí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé tí kò tíì rí ìwé ọkọ̀ gbà, ó gun orí pèpéle, ó so àpò mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kò ní iná lẹ́yìn. Òun ni ọ̀nà yìí kàn jù. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún ìgbádùn ní Sátidé lè gbé e sẹ́yìn jíìpù. Ẹni yẹn kò ní jíìpù.

Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde owó tó ju mílíọ̀nù 28 dọ́là lọ fún Houston láti tún Bissonnet ṣe ní apá ọ̀dọ̀ wa, kí ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì lè bọ́ lọ́wọ́ ikú. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé àdúgbò wa gan-an ni, ṣọ́ọ̀bù wa ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà, ọmọ wa ló ń sọdá. Èyí tí wọ́n ti ṣe ní Austin Street ti fi hàn pé ohun tí wọ́n fi kọnkéré ṣe pàápàá lè di ohun tí wọ́n hú ní ọjọ́ kan bí àwọn tó nílò rẹ̀ kò bá sọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn tí kò fẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, kó bẹ̀rẹ̀ láti Brays tàbí Keegans Bayou, wọ́n sún mọ́ wa. Kí ó lọ ní kùtùkùtù, pàápàá ní oṣù keje àti ìkẹjọ, torí oòrùn Houston lè gbé èèyàn ṣubú, kí ó sì mú omi tó pọ̀ dání. Bọ́ọ̀sì ìlú ní irin níwájú tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ kọ́. Ẹ sọ fún awakọ̀ kẹ́ ẹ tó dúró síwájú ọkọ̀ láti gbé e. Bí ẹ bá rí gíláàsì, ẹrẹ̀ tàbí iná tó kú lábẹ́ afárá, 311 ni nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa pè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìgbìmọ̀ ìlú máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ará ìlú. Èèyàn á kọ orúkọ sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n á fún un ní ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Èmi ti fẹ́ lọ, mo sì ti kọ ohun tí mo máa sọ sínú ìwé kí n má baà gbàgbé: láti Bissonnet dé ọgbà Arthur Storey, ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan tó ní kọnkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́, iná ìkòríta tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè fi sọdá tán kó tó yí padà, àti pé kí wọ́n jọ̀wọ́ gbé òpó yẹn kúrò láàárín pèpéle.